Ọjọ́ Méjì Tó Sọnù Nínú Ìwé Ìpè

Àṣìṣe tó sọ mí di sẹ́kítírì gidi kò ju ọjọ́ méjì lọ. Ọjọ́ méjì péré. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, èmi ni mo buwọ́ lù ú, èmi náà ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ẹ̀rín ló sì ń pa mí tí mo bá rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, díẹ̀ ló kù kí iṣẹ́ mi bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí sẹ́kítírì jẹ́, torí ọ̀rọ̀ yẹn ti dá wàhálà sílẹ̀ fún mi rí. Àárín àwọn ọdún 1980 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àpápá. Boundary ní Ajégúnlẹ̀ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, mo mọ taipù tẹ̀ dáadáa, mo sì rí iṣẹ́ sí ọgbà kan lẹ́yìn Wharf Road níbi tí wọ́n ti ń rán tapólì, aṣọ líle tí àwọn onílọ́rí fi ń bo ẹrù kí òjò má bàa pa á. Gbogbo àdúgbò ń pe ibẹ̀ ní Ilé Tapólì. Nígbà tí mo lo ọdún bíi mẹ́rin, wọ́n ní kí n di sẹ́kítírì ilé-iṣẹ́. Mo sáré lọ sọ fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní ṣebí ohun tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn, kí ló wá dé tí mo ń fò sókè?

Sẹ́kítírì méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀, tó ń tẹ taipù, tó ń gbé tíì lọ fún ọ̀gá. Èkejì ni èyí tí òfin mọ̀. Ọwọ́ ìyẹn ni ìwé orúkọ àwọn onípìn-ín wà, òun ló ń pe ìpàdé, òun ló ń kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí sílẹ̀, òun ló sì gbọ́dọ̀ mọ ìwé òfin ilé-iṣẹ́ láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn. Ní Ilé Tapólì, èmi kan náà ni mo ń ṣe méjèèjì. Láàárọ̀ mo máa gbé tíì fún alága, lọ́sàn-án mo máa sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe fún un. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ìyẹn ṣe máa dùn mọ́ ọn tó.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà ni Bàbá Ṣódípẹ̀, alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n ti ṣe sẹ́kítírì fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìjọra ni ilé wọn wà. Bí mo bá bi wọ́n ní ìbéèrè, wọn kì í dáhùn. Wọ́n á kàn ní, "Kí ni ìwé wí?" Mo máa ṣí ìwé, mo máa kà á, wọ́n á ní kí n tún un kà. Ọ̀pọ̀ Sátidé ni mo fi ń bínú lọ sílé. Àmọ́ mo mọ ìwé náà.

Ilé-iṣẹ́ wa kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni lè dédé ra ìpín nínú rẹ̀. Ti àárín ara wa ni, àwa onípìn-ín mọ́kànlá péré. Mo ní "àwa" ṣá, èmi ò ní ẹyọ kan. Bàbá Rísí ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ olórúkọ lábẹ́ òfin, wọ́n fún àwọn aránṣọ mẹ́jọ tó bá wọn bẹ̀rẹ̀ ní ìpín díẹ̀ díẹ̀, torí pé, wọ́n ní, àwọn mẹ́jọ yẹn ti fẹ̀yìn gbé tapólì tutù kọjá iye. Lẹ́yìn ikú Bàbá Rísí, ìpín wọn bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó wọn, Ìyá Rísí, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Màmá ni olórí ilé ìránṣọ, wọ́n sì tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn dárẹ́kítọ̀ mẹ́ta. Alága wa ni Ẹ̀gbọ́n Láyíwọlá, àbúrò Bàbá Rísí. Dárẹ́kítọ̀ kẹta ni ọ̀rẹ́ alága, Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn aago ọwọ́ ju ìdílé rẹ̀ lọ. Ẹ má bínú bí mo ṣe ń lo "wọ́n" fún Màmá àti Bàbá Ṣódípẹ̀ tí mi ò lò ó fún alága. Lójúkojú, "ẹ" àti "sà" ni mò ń fún un, kò yẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìwé tèmi nìyí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn oníkọ̀ńténà ń wá ilẹ̀ káàkiri Àpápá. Àwọn kan wá sọ́dọ̀ alága pé àwọn fẹ́ ra ọgbà wa. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa bí òun ṣe máa kọ́lé sí Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ìwé òfin wa sọ pé a kò gbọ́dọ̀ ta ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ àfi tí gbogbo dárẹ́kítọ̀ bá fọwọ́ sí i. Dáwódù fọwọ́ sí i kíá. Màmá ní rárá. Wọ́n ní bí wọ́n bá ta ọgbà, níbo ni àwọn tó ń rán tapólì máa gbé maṣíìnì lé, ṣé orí títì? Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Màmá bá wà lórí àga dárẹ́kítọ̀, ọgbà wà. Bí wọ́n bá yọ Màmá, ọgbà ti lọ, iṣẹ́ gbogbo wa sì bá a lọ, tèmi náà wà níbẹ̀.

Alága nìkan kò lè yọ dárẹ́kítọ̀. Àwọn onípìn-ín ló lè yọ ọ́, nínú ìpàdé tí wọ́n pè dáadáa. Ní Tọ́sìdeè kan, alága pè mí wọlé, ó ní kí n kọ̀wé sí gbogbo onípìn-ín pé a fẹ́ yọ Ìyá Rísí.

"Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni òfin ní ká fún wọn, àbí?" ó bi mí. "Ka mọ́kànlélógún sí òní."

Kàlẹ́ńdà wà lára ògiri. Mo fi ìka lé Tọ́sìdeè yẹn, mo ní "ọ̀kan." Mo fi ìka lé Fúráídè, mo ní "méjì." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bọ̀ títí ìka mi fi dé Wẹ́sìdeè, mo ní "mọ́kànlélógún." Alága tẹ̀lé ìka mi, òun náà kà á tán, ó ní ó péye. Èmi náà ní ó péye. Mo tẹ ìwé ìpè mọ́kànlá, mo buwọ́ lù wọ́n, mo fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ mi wúwo nídìí iṣẹ́ yẹn torí Màmá, àmọ́ iṣẹ́ sẹ́kítírì ni kó pe ìpàdé, ì báà dùn mọ́ ọn, ì báà má dùn mọ́ ọn.

Nígbà tó ku ọ̀la tí ìpàdé máa wáyé, mo gba Ìjọra lọ bá Bàbá Ṣódípẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ béèrè kò ju bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ tí wọ́n bá yọ dárẹ́kítọ̀. Bàbá ní kí n mú ìwé ìpè wá. Wọ́n wo ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́, wọ́n wo ọjọ́ ìpàdé, wọ́n bọ́ awò ojú wọn sílẹ̀, wọ́n tún gbé e wọ̀.

"Fúnmiláyọ̀," wọ́n pè mí, "ṣé ìsọmọlórúkọ lo pè wọ́n sí ni?"

Kò yé mi. Wọ́n ní bí wọ́n bá bímọ ní Mọ́ńdè, ọjọ́ wo ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ? Mo ní ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n ní ọjọ́ wo nìyẹn? Mo ní Mọ́ńdè. Wọ́n ní láti Mọ́ńdè dé Mọ́ńdè, ọjọ́ mélòó ló wà láàárín? Mo kà á lábẹ́ ahọ́n: mẹ́fà péré. Bí a ṣe ń kà á nílé wa nìyẹn, gbogbo wa, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́: ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ wà nínú ìkà, ọjọ́ tí à ń lọ bá náà wà nínú ìkà. Kò sí ẹni tó kọ́ mi, mo bá a lẹ́nu ìyá mi ni. Ṣùgbọ́n ìwé òfin Ilé Tapólì sọ pé ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko, láì ka ọjọ́ tí ìwé ìpè jáde, láì sì ka ọjọ́ ìpàdé. Mo ti ka gbólóhùn yẹn fún Bàbá lẹ́ẹ̀mẹta rí. Mọ́kàndínlógún péré ni mo fún àwọn onípìn-ín.

Bàbá ní ìpàdé tí a kò bá pè bó ṣe yẹ kì í ṣe ìpàdé, ìjókòó lásán ni, ohun tí wọ́n bá pinnu níbẹ̀ kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí mo máa ṣe. Mo rò pé wọ́n á ṣàánú mi.

"Ta ni ìwé ní kó pe ìpàdé?"

"Èmi ni, sà."

"Ó tán."

Bí mo ṣe ń bọ̀ láti Ìjọra, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìpín wọn pọ̀ lọ́kàn mi. Ẹgbẹ̀rún kan ni gbogbo ìpín ilé-iṣẹ́. Alága ní irinwó, Dáwódù ní ọgọ́rin. Màmá ní ọ̀ọ́dúnrún. Àwọn aránṣọ mẹ́jọ pín igba ó lé ogún láàárín ara wọn, gbogbo wọn ló sì wà lẹ́yìn Màmá. Ìyẹn túmọ̀ sí pé Màmá máa borí, bí àwọn mẹ́jẹẹ̀jọ bá pé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, Bọ̀dá Mátíù, ọmọ Ùróbò tó lo ogún ọdún ní Ajégúnlẹ̀, ti padà sí abúlé rẹ̀ lẹ́bàá Wàrrí, ìwé ìpè kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ogójì ni ìpín rẹ̀. Bí ogójì yẹn kò bá sí, ìhà méjèèjì máa jẹ́ irinwó ó lé ọgọ́rin, ọgbọọgba. Tó bá sì ti dọ́gba, ìwé òfin wa fún alága ní ìbò kan sí i láti fi já a. Orí ìbò kan yẹn ni Màmá máa bá lọ. Ọjọ́ méjì tí mo jẹ mọ́ Bọ̀dá Mátíù lọ́wọ́ fẹ́ gba ọgbà lọ́wọ́ gbogbo wa.

Mo lọ bá alága lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo jẹ́wọ́ pé mo ṣi ọjọ́ kà, pé ká sún ìpàdé síwájú. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ méjì, ta ni yóò jókòó máa ka ọjọ́ méjì? Ó ní Ìyá Rísí ò lè ka ìwé òyìnbó, àwọn aránṣọ ò mọ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló fajú ro. Ó ní tí mo bá la ẹnu mi lọ́la, kí n kó ẹrù mi máa lọ sílé.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́. A ní ọmọ méjì nígbà yẹn, iṣẹ́ ọkọ mi kò sì dúró dáadáa. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi nígbà tí mò ń ro ọkà lọ́wọ́. Ó ní, "Títí di àárọ̀ yìí, àṣìṣe ni. Tí o bá dákẹ́ lọ́la, irọ́ ni."

Ní Wẹ́sìdeè, yàrá alága ni wọ́n kóra jọ sí. Màmá jókòó ní igun, wọ́n wọ ìró àti bùbá tó mọ́ tónítóní, àwọn aránṣọ méje dúró ti ògiri. Kí alága tó ṣí ìwé rẹ̀, mo dìde. Mo ní sẹ́kítírì ní ọ̀rọ̀. Mo sọ fún wọn pé ìpàdé yìí kò lè wáyé, pé ọjọ́ méjì ló dín nínú ìwé ìpè, pé èmi Fúnmiláyọ̀ ni mo ṣi í kà, mo sì bẹ̀ wọ́n.

Alága pariwo pé kí n jókòó. Dáwódù gbọ́n jù ú lọ. Ó ní kò sí wàhálà, ṣebí gbogbo wa ti wà níbí, ká kàn fọwọ́ sí i pé a gbà bẹ́ẹ̀. Mo ṣí ìwé, mo kà á síta: a lè gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, bí àwọn tó ní márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìpín bá fọwọ́ sí i. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Màmá, torí láìsí ọ̀ọ́dúnrún wọn, kò lè pé.

Màmá kò wo alága. Èmi ni wọ́n wò.

"Fúnmi, ọjọ́ méjì yẹn, ṣé tèmi ni?"

"Tiyín ni, Màmá. Ti gbogbo onípìn-ín ni."

"Ẹ fún mi ní ọjọ́ mi."

Wọ́n dìde, wọ́n padà sídìí maṣíìnì wọn. Àwọn aránṣọ tẹ̀lé wọn. Ìpàdé túká láì tíì bẹ̀rẹ̀.

Alága fẹ́ lé mi lọ lójú ẹsẹ̀. Ó bi mí pé ta ló ń sanwó oṣù mi. Mo ní ilé-iṣẹ́ ni, sà. Ó ní òun ni ilé-iṣẹ́. Mo ní ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀, sà. Mo wá fi ojú ewé náà hàn án: àwọn dárẹ́kítọ̀ ló lè yọ sẹ́kítírì, nínú ìpàdé tiwọn, ìpàdé yẹn náà sì ní ọjọ́ tirẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣáájú, sẹ́kítírì ló sì máa pè é. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó sọ̀rọ̀. Ó ní ká parí ti Ìyá Rísí ná, tèmi ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo mú ẹfun, mo ka ọjọ́ sára ògiri ilé ìránṣọ níbi tí ojú gbogbo ènìyàn tó. Mọ́ńdè ni mo fi ìwé ìpè tuntun ránṣẹ́, mi ò fa ìlà fún un. Túsìdeè ni mo fa ìlà kìíní fún. Mo ka mọ́kànlélógún gbáko, mo tún bu ọjọ́ díẹ̀ lé e, ìpàdé wá bọ́ sí Tọ́sìdeè. Àwọn aránṣọ á kọjá, wọ́n á ka ìlà, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí mi. Ọ̀kan nínú wọn, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Ṣódípẹ̀ lẹ́nu mi, bi mí pé èwo nínú àwọn ìlà yìí ni a máa sọmọ lórúkọ. Mo sọ fún un pé kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nǹkan míràn tún wà nínú òfin tí alága kò mọ̀. Dárẹ́kítọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ yọ lè kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí gbogbo onípìn-ín. Mo lọ sọ fún Màmá. Wọ́n ní àwọn ò mọ lẹ́tà kọ. Mo ní kí wọ́n máa sọ ọ́, mo máa kọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn. Nídìí maṣíìnì ni wọ́n ti sọ ọ́, ẹsẹ̀ wọn kò dúró. Mo fẹ́ tún ibì kan ṣe kó lè dùn létí, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

"Èmi ni mo rán tapólì àkọ́kọ́ tó jáde nínú ọgbà yìí. Abẹ́rẹ́ gún mi ní àtàǹpàkò lọ́jọ́ náà, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n kúrò nítorí pé mi ò gbọ́ òyìnbó. Tapólì náà ò gbọ́ òyìnbó, òjò ò sì wọ ẹrù tó bá bò. Bí ẹ bá fẹ́ kí n lọ, ẹ wá sọ ọ́ lójú mi."

Nígbà tí alága ka èyí, ó ní mi ò gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́. Mo fi ojú ewé hàn án. Ó ti ń sú u láti máa wo ojú ewé.

Mo fi ti Bọ̀dá Mátíù ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, mo tún fi ẹ̀dà rẹ̀ lé Sùnmọ́nù lọ́wọ́, awakọ̀ lọ́rí tó máa ń wá rán tapólì lọ́dọ̀ wa tó sì ń ná Wàrrí. Mo fi ìwé aṣojú sí i. Onípìn-ín tí kò bá lè wá lè fi ìwé yẹn yan ẹni tí yóò dìbò fún un, ṣùgbọ́n ìwé náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ó kéré tán wákàtí méjìdínláàádọ́ta ṣáájú ìpàdé. Aago mọ́kànlá Tọ́sìdeè ni ìpàdé. Bí aago mọ́kànlá Túsìdeè bá kọjá, ìwé yẹn ti di ìwé ìdìpọ̀ ẹ̀pà.

Mọ́ńdè dé, kò sí Sùnmọ́nù. Ní Túsìdeè, mo dé ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, Dáwódù wọlé, ó jókòó, ó bi mí bóyá ìwé aṣojú kankan ti dé. Mo ní rárá. Ó ní òun á dúró dè é títí mọ́kànlá, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mò ń tẹ taipù, mi ò mọ ohun tí mò ń tẹ̀.

Ni Sùnmọ́nù bá wọlé, eruku títì bo irun ojú rẹ̀. Ó ní Bọ̀dá Mátíù kí wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kán, wọ́n ti dì í, kò lè rìn. Ó ní òun ka ọ̀rọ̀ Màmá fún un, nígbà tó dórí òyìnbó tí tapólì kò gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó na àpòòwé sí mi. Ìwé aṣojú wà nínú rẹ̀, ó ti buwọ́ lù ú, orúkọ Màmá ló kọ síbẹ̀. Ó tún kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Màmá, na you teach me how to tie rope. My forty dey your hand."

Mi ò jẹ́ kí inú mi tó ń dùn hàn. Mo kọjú sí Dáwódù, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni aago wí? Ọkùnrin yìí kì í kọ ìbéèrè yẹn láé. Ó fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè kí wúrà rẹ̀ lè yọ dáadáa, ó ní mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń gba lẹ́tà wọlé: ìwé aṣojú Mátíù, Túsìdeè, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní kí ó bá mi fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni aago wí. Ó fọwọ́ sí i. Ìgbà tó fọwọ́ sí i tán ló tó kà á.

Ní Tọ́sìdeè, Màmá ní ilé ìránṣọ ni ká ṣe é, torí ìdúró ọjọ́sí dun àwọn ènìyàn wọn lẹ́sẹ̀. Àga kò tó. Àwọn aránṣọ jókòó sórí tapólì tuntun tí wọ́n ti ká jọ, alága àti Dáwódù gba àga méjì tó wà. Mo ka àwọn tó wá: mẹ́wàá. Ìwé òfin ní kí mẹ́rin ó kéré tán wà níjókòó kí ìpàdé tó lè bẹ̀rẹ̀, nítorí náà a pé. Mo ka iye ọjọ́ síta, mo nàka sí ìlà ẹfun lára ògiri. Ẹnikẹ́ni kò jiyàn.

Alága ka àbá rẹ̀: pé kí a yọ Ìyá Rísí kúrò nípò dárẹ́kítọ̀. Ó ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́. Ọwọ́ méjì. Ó ní kí àwọn tó lòdì nawọ́. Ọwọ́ mẹ́jọ ló gbéra, ti Màmá wà lókè jù. Alága rẹ́rìn-ín, ó ní òun béèrè kí a ka ìpín. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bí a bá nawọ́, ẹnì kan ìbò kan ni, olówó àti tálákà dọ́gba. Bí wọ́n bá ní ká ka ìpín, ìbò kọ̀ọ̀kan tóbi tó ìpín ẹni tó dì í. Ó ti ṣírò tirẹ̀ kó tó wá, ó mọ̀ pé bí Mátíù kò bá sí, ó máa dọ́gba, òun á sì já a.

Mo gbé ìwé orúkọ jáde, mo ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú ń kọ tirẹ̀ sínú ìwé pélébé fún mi. Nígbà tí mo pe orúkọ Mátíù, Màmá ní àwọn wà níbí fún un.

Alága ní ìwé yẹn pẹ́ kó tó dé. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú, bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún. Mo gbé ìwé tí mo fi ń gba lẹ́tà lé e lórí itan, mo fi ìka tọ́ ọ sí ìlà náà, mo jẹ́ kó kà á fúnra rẹ̀. Ó ka aago. Ó ka ìbuwọ́lù tó wà níwájú rẹ̀. Ó rọra yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dáwódù sì fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ bo aago náà mọ́lẹ̀.

Mo ro ó pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi fún alága torí òun ló gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀. Irinwó ó lé ọgọ́rin ló ní kí Màmá lọ. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé ogún ló ní kí wọ́n dúró. Ohùn rẹ̀ kò ròkè nígbà tó sọ ọ́ jáde: "Àbá náà ṣubú." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì kọ gbólóhùn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ yíyọ mi láti ọjọ́ náà, alága gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Sẹ́kítírì, ó sì ń lọ gbé tíì rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ yẹn nínú ilé ìránṣọ, kò sí ẹni tó dìde. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣì ń retí kí ẹnì kan sọ pé ọ̀rọ̀ kù. Màmá na ọrùn sí mi.

"Fúnmi, ṣé mo ṣì wà níbẹ̀?"

"Ẹ wà níbẹ̀ digbí, Màmá."

Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n rìn lọ sídìí maṣíìnì ńlá, wọ́n wo àwọn onípìn-ín ilé-iṣẹ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí wọ́n jókòó sí.

"Ó yá, ẹ dìde lórí tapólì oníbàárà. Lọ́sàn-án yìí ló ń bọ̀ wá gbé e."